Ọ̀tá Tí A Bọ́ Yó

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fún ọ̀tá lóúnjẹ. Orí rẹ̀ pé o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń ṣe ìwádìí láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ilé ìwòsàn ńlá wà ní òdìkejì ọ̀nà rẹ̀. Ìbídùnní lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń wádìí ni kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń wọ ojú egbò, tó ń sọ egbò kékeré di ọ̀ràn ńlá. Kòkòrò náà ti mọ oògùn lójú. Oògùn tó pa àwọn baba ńlá rẹ̀ ti di omi lásán lójú tirẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ mọ ohun tó fà á, èèyàn kò sì lè bi òkú ní ìbéèrè. Nítorí náà ó ní láti máa bọ́ kòkòrò yìí kí ó má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nínú àwọn àwo pẹlẹbẹ kékeré tó ní ìdérí ló ń tọ́jú wọn sí. Oúnjẹ wọn dì bí ẹ̀kọ tútù, ó mọ́, ó sì ń dán. Bí wọ́n bá ti jẹ ti àwo kan tán, á mú irin tín-ín-rín kan tó ti fi iná sun, á fi bù díẹ̀ lára wọn sínú àwo tuntun, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í lọ, inú firísà tó tutù ju yìnyín lọ ni wọ́n máa ń kó irú wọn sí. Wọ́n á sùn síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìyí padà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ iná tiwa. Firísà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn ti yọ́ mọ́ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́wọ́ rí, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì bá omi yẹn lọ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni àwọn tó wà níbẹ̀ fi ń bọ́ kòkòrò wọn, láti àwo dé àwo, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, jẹ́ kí n yin obìnrin náà díẹ̀, nítorí ó yẹ ní yínyìn. Kò sí ọjọ́ ọdún tí kò lọ bọ́ kòkòrò. Nígbà tí àwọn ará ilé bá ń bu ẹran, òun á ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọmọ tó bí sí láàbù ń jẹun ṣáájú àwọn tó bí sílé. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì lọ. Bí a bá ní irú rẹ̀ mẹ́wàá nílùú yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń pa wá kò ní lè pa wá mọ́.

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwo mẹ́ta ló máa ń tò bí ó bá fẹ́ dán nǹkan wò. Oúnjẹ nìkan ló máa ń wà nínú ti àkọ́kọ́. Á fi oògùn tí kòkòrò ti mọ̀ lójú sínú ìkejì. Sínú ìkẹta, á fi oògùn náà pẹ̀lú ohun tuntun tó fẹ́ fi ràn án lọ́wọ́. Gbogbo àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kòkòrò ń hù nínú wọn, nítorí kò tíì rí ohun tó lè ran oògùn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó wo àwo ìkejì yẹn, ó ní kí lòun tilẹ̀ ń fi oògùn ṣòfò lé lórí. Ṣé gbogbo ayé kò mọ̀ pé oògùn nìkan kò tu irun kan lára wọn mọ́ ni? Oògùn náà ṣọ̀wọ́n, ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó yọ àwo ìkejì kúrò, ó ku méjì. Ọ̀gá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, rí i, kò sì bá a wí, nítorí òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí ni ó yọ èròjà kan lára èèpo igi, ó pò ó mọ́ oògùn. Nígbà tó máa ṣí àwo wò, kòkòrò ti kú. Ó tún un ṣe, wọ́n tún kú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó fi aṣọ funfun jáde sí títì. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó lọ sọ ọ́ ní ìlú mìíràn, wọ́n pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá rẹ̀ ń mú un kiri bí ẹni tó ń mú àkọ́bí rẹ̀ han ẹbí. Ọdún mìíràn kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ó kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó ku kí ó fi sílẹ̀ fún àwọn olùyẹ̀wò. Bí ó bá fi sílẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, oyè ti bọ́ sọ́wọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́lòmíì ní ẹ̀ka náà tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún débi tó fi máa gbà á mọ́ra.

Àwòrán kan ló kù. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá ṣí ìwé náà rí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ojú fúnra rẹ̀ dájọ́. Àwòrán àwo ìkejì tó yà lọ́dún àkọ́kọ́ ṣú, fóònù àtijọ́ ló fi yà á. Nítorí náà ó tún àwo ìkejì ṣe, nítorí àwòrán nìkan, ó gbé wọn sínú àpótí tó ń móoru, ó lọ sílé.

Nígbà tó ṣí wọn wò lọ́jọ́ kejì, kòkòrò kún àwo àkọ́kọ́. Àwo ìkẹta mọ́ kedere, bó ṣe máa ń rí. Ìkejì, èyí tó jẹ́ oògùn nìkan ló wà nínú rẹ̀, mọ́ kedere pẹ̀lú.

Ó rò pé òun ló ṣi àmì kọ sí ara àwo. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì ń kà á sókè sí ara rẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì. Bákan náà ló rí. Oògùn tí gbogbo ayé ní kò ràn wọ́n mọ́ ló pa wọ́n láìní olùrànlọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga gíga tó wà níbẹ̀, aṣọ funfun sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ó rò ó, ọ̀rọ̀ náà sì yé e ju bó ṣe fẹ́ kó yé e lọ. Ohun tí kòkòrò yìí fi ń bá oògùn jà jẹ́ ẹrù tó ń gbé kiri nínú ara rẹ̀. Ẹrù náà wúwo, apá kan lára gbogbo oúnjẹ tó bá jẹ ló ń bá a lọ. Ní wọ́ọ̀dù, níbi tí oògùn ti ń bò wọ́n lójoojúmọ́, èyí tó bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwo Ìbídùnní, ta ló ń bá wọn jà? Ọdẹ wo ló máa gbé ìbọn lọ síbi ìkómọ? Oúnjẹ ń dé lásìkò, ilé móoru, oògùn kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan sọ ẹrù kalẹ̀, kò kú. Ó tilẹ̀ ń yára bímọ ju àwọn tó ń ru ẹrù lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrù rárá. Láti àwo dé àwo ni àwọn aláìlẹ́rù ń pọ̀ sí i, títí ó fi jẹ́ pé àwọn nìkan ló kù. Nígbà tí èèpo igi fi máa dé, ọ̀tá ti ju idà sílẹ̀ tipẹ́. Oògùn àtijọ́ ló ń pa á, èèpo igi ló ń gba ìyìn.

Bí àwo ìkejì bá wà níbẹ̀ ni, ì bá ti sọ fún un. Ó dùn ún gan-an. Ìtọ́jú tó fi ń bọ́ wọn lọ́jọ́ ọdún, òun náà ló sọ wọ́n di ọ̀lẹ, ó sì ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá látọjọ́ yìí wá. Ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó béèrè pé:

"Àwòrán ọdún àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ó ṣú ni."

"Jẹ́ kó ṣú. Fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé irọ́ ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo yà á?"

"Èmi ni, sà. Òótọ́ ni nígbà yẹn."

"Ó parí nìyẹn. Gba oyè rẹ ná, Ìbídùnní. Bó o bá ti di ọ̀mọ̀wé tán, o ráyè tún gbogbo ẹ̀ wò. Oṣù díẹ̀ ló kù kí n kẹ́rù mi kúrò níbí. Mi ò mọ ẹni tí mo máa fà ọ́ lé lọ́wọ́."

Má ṣe bínú sí bàbá yìí. Kò ní èrò ibi. Ó ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ wọn bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì fẹ́ kí èyí tó fẹ́ràn jù dàbí wọn. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Ó rọrùn láti kọ̀ fún ẹni tó kórìíra ẹni.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ sí wọ́ọ̀dù ná, sà. Kí n tó fèsì."

Ó sọdá títì lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí epo gbígbóná dà sí lẹ́sẹ̀. Egbò náà ti pẹ́, ó ń rùn, oògùn kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Ìyá náà ní, "Dókítà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá wo ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mi ò tíì di dókítà. Kòkòrò tó wà lójú egbò yín ni mo fẹ́ bù díẹ̀, bí ẹ bá gbà fún mi."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ dá a padà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra fi òwú nu ojú egbò náà. Ìyá náà di etí bẹ́ẹ̀dì mú títí ó fi ṣe é tán, ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ ti wá rí oògùn tó máa pa á báyìí?"

Ronú sí ìbéèrè yẹn. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ní ìlú mìíràn kò bi í léèrè bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí egbò lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní, "Mo máa padà wá sọ fún yín, mà."

Kò bọ́ àwọn kòkòrò tuntun yìí yó kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ti ojú egbò dé ló kó wọn sínú àwo mẹ́ta, àwo ìkejì sì wà láàárín. Nígbà tó ṣí wọn, gbogbo wọn ló kún. Oògùn nìkan kò rí wọn gbé ṣe. Oògùn àti èèpo igi kò rí wọn gbé ṣe. Wọ́n bo ojú àwo bí koríko ṣe ń bo pápá lẹ́yìn òjò, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá àwọn jà.

Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá náà. Ó ní, "Mà, mo rò pé mo ti rí i. Mi ò tíì rí i." Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa tẹ́ ẹ padà wá. Ẹ tún lọ wá a." Àwọn oníṣègùn fi oògùn mìíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹsẹ̀ náà jà, ó sì jinná níkẹyìn, bó tilẹ̀ pẹ́.

Láti ibẹ̀ ló lọ sí ìpàdé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn. Ó to àwọn àwo sórí tábìlì tó ti gba àtẹ́wọ́ rí, ó ní kí gbogbo wọn wá wò ó. Ó ní, "Ohun tí mo sọ fún yín nípa èèpo igi kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ti rọ̀ ni mo ń bá jà." Ẹnì kan fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan dìde, ó lọ sí láàbù tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ lọ wo àwo tòun. Ọ̀gá tẹ orí ba.

Èmi tó ń sọ ìtàn yìí, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn obìnrin yìí jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa lè sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n bá ká a mọ́ wa lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ká a mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí àwo, ì bá sì dé e padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀gá pè é. Ó ní, "Láti ibo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Ó ní, "Láti ojú egbò, sà." Bàbá náà sì fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wọkọ̀ wá láti ilé rẹ̀, ó ń jókòó síbi tí wọn kò ti fún un ní àga mọ́, ó ń bá a ka iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìbídùnní yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Kò jẹ́ kí wọ́n jẹun láìsí oògùn nínú oúnjẹ wọn mọ́, kí ẹrù má baà kúrò lórí wọn. Oúnjẹ náà kò sì pọ̀ mọ́, ó ṣe é kí ó jọ inú egbò, níbi tí nǹkan ti ṣòro. Kò pẹ́ kó tó tún lọ bù tuntun ní wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ náà nira ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kòkòrò tó ń jà kò ṣeé bá lò bí èyí tó yó, ọ̀pọ̀ ohun tó dán wò ló sì já sí asán. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti gboyè, wọ́n ti ń pè wọ́n ní ọ̀mọ̀wé létí rẹ̀. Ó ń kí wọn kú oríire, ó sì ń bu kòkòrò rẹ̀.

Oògùn tuntun kọ́ ló rí níkẹyìn. Ohun tó rí ni bí àwọn kòkòrò inú egbò kan náà ṣe ń fi ẹrù ìjà lé ara wọn lọ́wọ́, àti pé ìgbà tí wọ́n bá fún wọn ní oògùn díẹ̀ tí wọ́n sì dá a dúró ni wọ́n ń ṣe é jù. Ó kéré lójú ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́. Àwọn oníṣègùn òdìkejì ọ̀nà kò fojú kéré rẹ̀, nítorí wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo oògùn náà ní wọ́ọ̀dù ṣe.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, olùyẹ̀wò kan tó ti òkèèrè wá ṣí apá kan nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Odindi orí kan lo fi sọ nípa èèpo igi tí kò ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí o kò yọ ọ́?"

Ó ní, "Nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni, sà. Kó má baà tún gba ibẹ̀ kọjá."

Ọkùnrin náà bojú wo ìwé, ó pa á dé, ó ní òun kò ní ìbéèrè mọ́. Bí wọ́n ṣe fi oyè náà fún un nìyẹn, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sì jókòó sẹ́yìn nínú yàrá náà, ó ń nu dígí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwọ ọkùnrin tí o jókòó níwájú mi yìí, ìwọ ni mo ṣe àkàwé yìí fún. O wá bá mi pé kí n fi ọ́ ṣe alàgbà nínú ìjọ yìí, pé ìbínú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ ti kú. O ní láti ìgbà tí o ti kó kúrò ní agbo ilé bàbá rẹ, o kò gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ta ni ì bá mú ọ bínú? Ìwọ nìkan lò ń gbé. Oúnjẹ tó wù ọ́ lò ń jẹ, rédíò tó wù ọ́ lò ń gbọ́, gbogbo ẹni tó ń wọlé tọ̀ ọ́ ló ń pè ọ́ ní ọ̀gá. O ti fi ọwọ́ ara rẹ yọ ẹni tó lè dán ọ wò kúrò, o wá ń fi ìyókù ṣe ẹ̀rí. Ìbínú tó kú kọ́ nìyẹn. Ìbínú tó yó ni.

Àbúrò rẹ tí o gbá létí níwájú òkú bàbá yín ṣì wà ní agbo ilé yẹn. Lọ bá a. Kì í ṣe pé kí o lọ wàásù fún un. Jókòó tì í, kí ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá yín tó dá ìjà náà sílẹ̀, kí ó sọ èyí tó máa ń sọ tí ojú rẹ fi máa ń ṣú. Ajá tó re ilé ẹkùn tó bọ̀ la máa ń kí kú ewu, kì í ṣe èyí tó sùn sílé. Bí ọwọ́ rẹ bá wà nílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, padà wá, èmi fúnra mi ni màá fi ọ́ han ìjọ. Bí ọwọ́ rẹ bá sì gbéra, padà wá náà. Dúró níbí, kí o sọ ọ́ fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀, a ó sì bá ọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.